Atọ́kùn Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Kàn sí Ìrántí Ẹ̀rọ nínú Kọ̀ǹpútà

Eégún kì í jáde láìní atọ́kùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà kò lè bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe èyí tí ń gbé àwòrán síta, ìbáà ṣe èyí tí ń so kọ̀ǹpútà kan mọ́ èkejì, àfi bí ètò kékeré kan bá ṣe atọ́kùn láàrin wọn. Èdè C ni a sábà fi ń kọ irú atọ́kùn bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ńlá ibẹ̀ ni bí atọ́kùn kan ṣoṣo yóò ṣe kàn sí ìrántí ara ẹ̀rọ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà láìṣìnà.

Ìrántí kọ̀ǹpútà lásán dà bí síléètì: ohun tí a kọ sí i ni a ó bá níbẹ̀, kíkà kì í sì í pa á rẹ́. Ìrántí ara ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ní nọ́ńbà ojúlé bíi ti èkíní. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ lè di àṣẹ. Kíkà á lásán sì lè pa ìròyìn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, bí ètò ògbufọ̀ tí ń sọ èdè C di èdè ẹ̀rọ bá fo kíkà kan tí ó rò pé kò wúlò, tàbí bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá fi àṣẹ kejì ṣáájú èkíní, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux lórí Intel 80386. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, atọ́kùn tí ó kọ̀wé tààrà sí ojúlé ẹ̀rọ sábà máa ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Linux 1.2 jáde ní 1995, ó ti dé orí Alpha, ti ilé-iṣẹ́ Digital. Àwọn Alpha àkọ́kọ́ kò lè ka báìtì kan ṣoṣo, wọn kò sì lè kọ ọ́. 4 tàbí 8 ni wọ́n ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Alpha a sì tún máa yí ètò kíkà àti kíkọ padà. Atọ́kùn tí ó tọ̀nà lórí Intel wá lè ṣìnà lórí Alpha, láìjẹ́ pé lẹ́tà kan yí padà nínú rẹ̀.

Òfin tí Linux fi tún un ṣe ni pé kí atọ́kùn má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìrántí ẹ̀rọ. Yóò kọ́kọ́ fi ioremap tọrọ ojúlé. Lẹ́yìn náà, readb, readw àti readl yóò bá a ka báìtì 1, 2 tàbí 4, writeb, writew àti writel yóò sì bá a kọ ọ́. Oríṣi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà jẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyí: lórí Intel, iṣẹ́ náà kéré, lórí Alpha, ó pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ń fi báìtì tí iye rẹ̀ wúwo jù ṣáájú, tí ẹ̀rọ sì ń fi í kẹ́yìn, readl ni yóò tún un tò.

Láti 2007 ni a kò ti ta Alpha tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ARM tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifóònù òde òní náà lè yí ètò kíkọ padà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá kọ atọ́kùn bí ẹni pé ọ̀nà Intel nìkan ni ó wà, ìwé àti àwòrán ẹlòmíràn ni yóò fi ṣòfò.