Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì, Ẹ Bi Màmá Àgbà

Orúkọ Ìlúpéjú fúnra rẹ̀ ti sọ irú ibi tó jẹ́: ibi tí ìlú pé jọ sí. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti ń hù ní ojú títì Industrial Avenue, Town Planning Way àti Coker Road, títí lọ dé Ìkẹjà àti Agége, ni ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, ará Ìgbómìnà àti ará Òkè Ògùn ti ń wá wá oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì kóun padà sílé di bàbá àgbà síbẹ̀. Lónìí àwọn ọmọ-ọmọ irú wọn wà ní London àti Houston. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, wọ́n á kó àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, wọ́n á sọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Ìlúpéjú rárá. Inú bàálù kan náà ni ẹ ti lè rí ìdílé láti Brazil tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò nílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń lọ sí Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo. Ìbéèrè kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wá: ọmọ ta ni wá, kí sì ni àwọn tó bí wa fi ayé wọn gbà gbọ́? Èrò tèmi ni pé bàálù kọ́ ló ń gbé ènìyàn dé orírun. Orúkọ, oríkì, èèwọ̀ àti èdè tí ìdílé fi ń pe ara wọn ló ń gbé e débẹ̀, ẹnu ọmọ ló sì yẹ kí wọ́n wà kí ẹnikẹ́ni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti Bahia, ní Brazil. Ní oṣù Kíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àtàwọn tó ti gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn ní ìlú Salvador. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ẹni tí a bí nílẹ̀ Áfíríkà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Francisca da Silva wà níbẹ̀, tí àwọn olórìṣà mọ̀ sí Ìyá Nàsó, èyí tó jẹ́ orúkọ oyè ìyá tó ń bójú tó Ṣàngó ní ààfin Ọ̀yọ́. Wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì lẹ́bi nítorí ọ̀tẹ̀ náà. Ní 1837, ó kó ọkọ àti agbo ilé rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì padà sí etíkun wa, ní Ouidah. Lára àwọn tó bá a wá ni Marcelina da Silva. Marcelina kò pẹ́ púpọ̀ tó fi padà sí Bahia, ó sì di ìyálórìṣà ilé Casa Branca. Nínú ìdílé tirẹ̀, oríkì ilé Aṣípa ni ìyá ń sọ sí ọmọ létí, tí ọmọ ń sọ sí ọmọ-ọmọ.

Ní 1967, àádóje ọdún lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, àrọ́mọdọ́mọ Marcelina kan dé ààfin ọba Kétu, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Benin báyìí. Deoscóredes dos Santos lorúkọ rẹ̀, Mestre Didi ni gbogbo Brazil ń pè é, ìyàwó rẹ̀ Juana Elbein sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè júwe ilé. Ohun tó ṣe ni pé ó ki oríkì ìdílé rẹ̀ níwájú ọba, bí ó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ní Bahia. Ọba gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí apá kan, ó ní àwọn ẹbí rẹ ló ń gbé ọ̀hún nì, ilé Aṣípa nìyẹn. Ẹ rántí pé ní 1886 àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó Kétu, wọ́n sọ ọ́ dahoro, kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ìlú jó, ilé wó, òkun wà láàárín, síbẹ̀ gbólóhùn kan náà wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, èyí tó wà nílé àti èyí tó wà lẹ́yìn odi.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè há oríkì olóríkì sórí, pàápàá ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ agbo ilé Yorùbá mọ̀ pé oríkì kì í dá rìn. Bí o bá ti kì í tán, ìbéèrè á tẹ̀ lé e: ta ló kọ́ ọ? Kí lẹ kì í jẹ nílé yín? Irú orúkọ wo lẹ máa ń sọ ọmọ? Ọmọ Òpómúléró ò lè dáhùn bí ọmọ Oníkòyí. Ẹni tó há a sórí láàárọ̀ á gé sí ibi tí ìbéèrè kejì bá ti dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdílé, tí n kò fi sọ pé kí ẹnìkan dá lọ wádìí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í wọ ara ẹni lọ́jọ́ kan, ọmọdé tó ń jókòó ti àgbà ni wọ́n ń wọ̀ lára.

Bàbá tó bí Martiniano Eliseu do Bonfim mọ èyí dájú. Bàbá náà ti ṣe ẹrú rí ní Bahia. Ní 1875, nígbà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó mú un wọkọ̀ wá sí Èkó. Kì í ṣe pé kí ó wá wo ìlú kó ya fọ́tò. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà lò: ó kàwé nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ó sì kọ́ Ifá. Ó padà sí Bahia ní 1886, nígbà tí wọn ò tíì fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, nítorí ọdún 1888 ni Brazil tó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀. Òun ló wá di ẹni tí àwọn ilé òrìṣà ń sáré tọ̀ lọ bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú, tó sì ran Ìyá Aninha, ìyálórìṣà ilé Òpó Àfọ̀njá, lọ́wọ́ láti dá ìgbìmọ̀ Ọba Ṣàngó méjìlá sílẹ̀ níbẹ̀. Ìrìn àjò ọmọ kan tó gbé inú èdè títí èdè náà fi gbé inú rẹ̀ tún ilé òrìṣà tó wà lẹ́yìn odi ṣe. Kò sí ẹni tó lè fi ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ lónìí, mo gbà, nítorí iṣẹ́ àti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kò gbà á. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nílé, kí ọ̀sẹ̀ méjì tí a bá rí lò má baà bá wa lófìfo.

Àwọn mìíràn á ní gbogbo wàhálà yìí kò pọn dandan mọ́, pé àyẹ̀wò DNA ti dé. Ènìyàn á tutọ́ sínú ìgò tíntín, á fi ránṣẹ́, èsì á sì bọ́ sórí fóònù rẹ̀: ìdá báyìí láti Nàìjíríà, ìdá báyìí láti Benin àti Togo. Fún ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gba orúkọ, èdè àti òbí lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, n kò jẹ́ fojú kéré èsì bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni, ó sì máa ń júwe ìbátan tó wà láàyè nígbà mìíràn. Àmọ́ kí ni Nàìjíríà, kí sì ni Benin, nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ bodè, kò sì mọ agbo ilé. Bí Didi bá gbé ìwé èsì àyẹ̀wò dé iwájú ọba Kétu, ọba ì bá kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n apá ibo ni ì bá na ọwọ́ sí?

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ẹ̀sìn, pàápàá níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pọ̀ tó bí wọ́n ṣe pọ̀ ní Ìlúpéjú àti Muṣin. Òbí tó jẹ́ onígbàgbọ́ á ní: oríkì yìí, ṣé òrìṣà kọ́ ló kún inú rẹ̀? Bí mo bá mú ọmọ mi lọ sórírun, ṣé n kò mú un lọ sídìí ìbọ nìyẹn? Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó yẹ kí a dá a lóhùn. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ni mo fẹ́ kí ó dá a lóhùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti ṣe ìrìbọmi tó sì di Samuel Crowther. Ní 1846, òun tìyàwó tọmọ wà ní Abẹ́òkúta, òun sì ti di àlùfáà nígbà náà. Níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ Àfàlá ti rí i, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, ọ̀rọ̀ ò jáde, omi ń dà lójú ìyá. Nígbà tí ìyá lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọwọ́ ọmọ, ó ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pè é nígbà èwe pè é, Crowther sì dá gbogbo wọn mọ̀. Kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé orúkọ kèfèrí ni. Kò fi Àjàyí sílẹ̀ títí tó fi di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Brazil wá sí Èkó, náà dá a lóhùn lọ́nà tiwọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ Kàtídírà Holy Cross ní 1881, oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà kan ló sì wà nídìí mọ́sálásí Ṣítà Béè, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, Mùsùlùmí àti olórìṣà wà nínú wọn, ìran kan náà ni wọ́n sì jẹ́. Mímọ ohun tí baba ńlá ẹni sìn kò sọ ènìyàn di ẹni tó ń sìn ín. Òbí lè kọ́ ọmọ ní oríkì, kó sì sọ fún un pé ibi báyìí kì í ṣe tiwa mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ìdílé láti Salvador á ná owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ tù jọ, wọ́n á wá síbi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, kí ọmọ Yorùbá tó gbé wọn nínú takisí sì máa yọ ṣùtì sí wọn pé abọ̀rìṣà ni wọ́n. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá wọn lábẹ́ pàṣán ni wọ́n gbé padà wá fi hàn wá.

Ti àwọn tí kò sí oríkì kankan lẹ́nu wọn mọ́ ńkọ́? Walter King, tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928, jẹ́ irú wọn. Ó lọ sí Matanzas ní Cuba ní 1959 láti gba òrìṣà, ó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, ó tẹ Ifá ní Abẹ́òkúta ní 1972. Ní 1981 ni wọ́n fi adé ọba lé e lórí ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà Ọọ̀ni Ṣíjúwadé. Nígbà tí ìyẹn fi ń ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. N kò rí ọ̀nà àbùjá kankan nínú ìtàn yìí. Ní 2024, ìjọba Benin ṣe òfin pé ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lè gba ìwé ọmọ onílùú. Ohun rere ni, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ ìwé kò lè pe ènìyàn ní Àkànní tàbí Àṣàkẹ́. Àwa tí a wà nílé ló lè ṣe ìyẹn, nípa kíkọ́ wọn lédè, kí a má ṣe fi oyè tí a ta ní dọ́là dí ẹ̀kọ́ náà.

Èyí ló gbé mi padà sí Ìlúpéjú. Wọ́n fi tipátipá gba èdè lẹ́nu àwọn tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ilé tiwa, àwa fúnra wa là ń gbà á lẹ́nu ọmọ, pẹ̀lú ìfẹ́, kí ó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tó lọ sí Toronto, tí ó bímọ níbẹ̀, kí ni tọmọ-tọmọ á gbé dé Ìkẹjà? Ẹni tó bá ní kò sówó ìrìn àjò ò tíì gbọ́ mi yé. Mọ́tò tó ń lọ sí Ìṣẹ́yìn tàbí Ìlá ń gbéra, owó rẹ̀ kò tó owó bàálù. Màmá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn kò tilẹ̀ ná wa ní owó mọ́tò. Ẹ tan fóònù, ẹ gbé e síwájú rẹ̀ kí ó ki ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, kí ọmọ sì máa tún un sọ tẹ̀ lé e, bó bá tilẹ̀ ń ṣì í sọ.

Mestre Didi kò fi ohun tó rí sílẹ̀ sí Kétu. Ó gbé e padà sí Salvador, ó sì dá ilé egúngún kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1980. Ilé Aṣípa ló sọ ọ́.