Ọmọ Akua

Ẹni tí ó bá jáde láti Adum, àárín gbùngbùn ìlú Kùmásí, níbi tí ilé ìfowópamọ́ àti ìsọ̀ aláṣọ ti so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tí ó sì forí lé ọ̀nà Bantama, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan ọgbà àṣà ìlú náà, níbi tí àwọn oníṣọ̀nà ti ń ta ère igi kan tí orí rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, tí ó rí roboto bí àwo, tí apá rẹ̀ méjèèjì sì nà síta. Akuaba ni wọ́n ń pè é. Àwọn Àṣàńtì ní obìnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Akua, tí ó wá ọmọ títí tí ojú rẹ̀ fi rí màbo, tí abọrẹ̀ kan sì ní kí ó lọ gbẹ́ ọmọ igi, kí ó máa pọ̀n ọ́n, kí ó sì máa ṣìkẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí a bí. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ wá wo ọmọ Akua!” Ṣùgbọ́n nígbà tí Akua lóyún, tí ó sì bí obìnrin, ẹnu tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó padà ń béèrè ilé agbẹ́gilére. Àwa tí a mọ ère ìbejì yóò tètè lóye. Nítorí ọmọ tí ó lọ ni àwa ṣe ń gbé tiwa, nítorí ọmọ tí kò tíì dé ni àwọn ṣe ń pọn tiwọn.

Bí ènìyàn bá tún gòkè díẹ̀, yóò dé ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gee, níbi tí idà tí wọ́n ní abọrẹ̀ Anokye gún mọ́lẹ̀ ní ayé Osei Tutu ọba Àṣàńtì, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí fà tu, ti dúró di òní olónìí. Láàrin ère igi àti yàrá dókítà, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń rìn ín ní àlọ àti àbọ̀ kò jẹ̀bi lójú tèmi, nítorí ẹni tí ọ̀ràn kàn ni í sunkún.

Ohun tí dókítà ní lọ́wọ́ lónìí kò tíì so èso fún ẹnikẹ́ni kí ọdún 1978 tó dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n bí Louise Brown ní Oldham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹyin ìyá rẹ̀ àti àtọ̀ bàbá rẹ̀ pàdé lóde ara, nípa iṣẹ́ Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy. Ní ọdún 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ṣe irú rẹ̀ yọrí ní ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó. Kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, Dókítà Joe Mainoo ti ṣe é ní Tema, ní ilẹ̀ Gáná. Lónìí, obìnrin Kùmásí kò ní láti wọkọ̀ lọ sí Accra mọ́.

IVF ni gbogbo ẹnu ń pe ìtọ́jú náà, kì í sì í ṣe idán. Ẹyin kan ṣoṣo ni ara obìnrin sábà ń mú gbó lóṣù. Abẹ́rẹ́ tí yóò gbà fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ni yóò mú kí púpọ̀ gbó pọ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, nígbà tí wákàtí 34 sí 36 bá kọjá, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹyin jáde, wọn yóò sì jẹ́ kí ó pàdé àtọ̀ nínú àwo kékeré. Ọlẹ̀ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, láìfi ọ̀bẹ kan ara. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ méjì ìdúró, tí ó le ju gbogbo abẹ́rẹ́ lọ. Obìnrin tí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ dí ni a kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ wá ọgbọ́n yìí, irú wọn sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí àtọ̀sí tí a kò wò dáadáa, tàbí ọwọ́ ẹlẹ́gbin nígbà ìbímọ àti oyún ṣíṣẹ́, a máa sọ ọ̀nà náà di àpá, àgbo kì í sì í la àpá. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń yọrí. Ọjọ́ orí ẹyin kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ni ín, àpò ara ẹni ni owó rẹ̀ sì ti ń jáde, nítorí ètò ìlera ìjọba Gáná yọ ọ́ sílẹ̀ nínú ohun tí ó ń sanwó fún.

Ibi tí mo ti ronú jù ni ibi tí ẹyin obìnrin bá tán, tí dókítà sì ní kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lójú Àṣàńtì, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mogya, òun ni í sì mú un wọ abusua, ìdílé tí yóò jogún níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní ntoro ti ń wá. Bí ẹyin bá wá jẹ́ ti àlejò, ọmọ abusua ta ni? Àwa Yorùbá, tí àwọn baba wa ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá ná ọjà Gáná kí àṣẹ Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, ti oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn padà sílé, kò ní fi bẹ́ẹ̀ jáyà sí ẹyin tí a tọrọ, nítorí agboolé bàbá ni a ti ń ki ọmọ. Àtọ̀ tí a tọrọ ni yóò mú kí àwọn àgbà wa dákẹ́ lójijì. Ìtọ́jú kan náà ni, ojú egbò tí ó ń kàn ni kò dọ́gba. Bí ọmọ ìyá obìnrin náà bá ni ó fi ẹyin tọrẹ, mogya kò kúrò nílé. Àwa náà tí a ṣú opó rí mọ̀ pé ọmọ tí àbúrò olóògbé bí kì í ṣe àjèjì ní agboolé. Kí dókítà tó mú abẹ́rẹ́, ó yẹ kí ó béèrè irú ilé tí ọmọ náà ń bọ̀ wá wọ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2023 pé nínú ènìyàn mẹ́fà, bí ẹnì kan ni yóò bá àìrọ́mọbí pàdé láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nínú bí ìdajì irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ní ọwọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tí kì í ṣe òkóbó, tí ara rẹ̀ le bí òkúta, lè wà láìní irúgbìn kankan nínú àtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì ju kí ó da díẹ̀ sínú ike lọ. Láti ọdún 1992 pàápàá ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin, tí ọmọ fi ń wá. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n obìnrin nìkan ni à ń rán kiri. Nínú ìtàn Akua tí wọ́n ń sọ, abọrẹ̀ sọ̀rọ̀, agbẹ́gilére ṣiṣẹ́, ará àdúgbò rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe.