Àgbẹ̀ nínú Orúkọ, Òṣìṣẹ́ nínú Ẹgbẹ́: Ìtàn SWAFP àti Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Socialist Workers and Farmers Party, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí SWAFP. Dókítà Túnjí Ọ̀tẹ́gbẹ́yẹ, oníṣègùn òyìnbó ọmọ Ìlaròó, ni ó ṣáájú rẹ̀. Wahab Goodluck àti S. U. Bassey, tí àwọn méjèèjì jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, dúró tì í. Ìlànà Marx àti Lenin ni ẹgbẹ́ náà kéde pé òun ń tẹ̀ lé, Mọ́síkò ni ó sì ń wò gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Orúkọ rẹ̀ so òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n títí tí ìjọba ológun fi fòfin dè é ní 1966, òṣìṣẹ́ ni ó rí kó jọ. Àgbẹ̀ kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tí ó fa èyí ni àpilẹ̀kọ yìí ń wá. Ibi tí ó ti ń wá a ni irú ìlú tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà ti rí àgbẹ̀, èyíinì ni Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí ó múlé gbe ara wọn nítòsí Òṣogbo.

SWAFP kọ́ ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí ó yọ lára igi yìí. Àwọn ọ̀dọ́ Zikist Movement, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ti ń sọ̀rọ̀ sósálíìsì kí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dè wọ́n ní oṣù Kẹrin 1950, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949. Ní 1954 ìjọba kéde pé a kò ní gba kọ́múníìsì sí àwọn ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ ọba. Ó jọ pé òfin yìí ṣe ju bí àwọn tí ó ṣe é ti rò lọ: àwọn tí ó lè gbé ẹ̀kọ́ náà rù ní gbangba kò ju ẹni tí kì í jẹun lọ́wọ́ ìjọba, bí oníṣègùn, lọ́yà àti akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìlú ńlá sì ni gbogbo wọn ń gbé.

Ní ìlú ńlá náà ni agbára wọn ti hàn. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ Morgan kalẹ̀ ní 1963 láti yẹ owó ọ̀yà wò, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìròyìn rẹ̀ falẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹfà 1964 wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba sì tún ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà bá wọn sọ. Goodluck wà lára àwọn tí ó darí ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní ìparí ọdún kan náà, tí SWAFP kò rí àga kan ṣoṣo ní ilé aṣòfin. Òṣìṣẹ́ tí ó fìmọ̀ ṣọ̀kan ní oṣù Kẹfà ti padà sẹ́yìn àwọn olóṣèlú ẹkùn rẹ̀ kí ọdún tó parí. Michael Imoudu pàápàá, tí àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún jù, ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti àgbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ó sì jinlẹ̀ jù ú lọ. Ìwé tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà kà mọ onílẹ̀ ńlá kan tí ó ni gbogbo ilẹ̀, ó sì mọ tálákà tí ń ro ilẹ̀ náà láìní tirẹ̀. Ní Rọ́ṣíà ní 1917, kí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ti ìṣáájú fún ti ìkẹyìn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yé gbogbo ènìyàn. Bí ènìyàn bá dé Ìlobùú tàbí Ifọ́n tí ó ní kí a pín ilẹ̀ fún àgbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé, ilẹ̀ ta ni? Ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí ń bójú tó o, kò sì gbọdọ̀ tà á láìgbọ́ tẹnu àwọn ẹbí. Ọmọ tí a bí sí ìdílé ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí yóò ro. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ọwọ́ rẹ̀, àáró àti ọ̀wẹ̀ wà, níbi tí ẹnìkan kò ti gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ ẹnìkan. Àlejò a máa tọrọ ilẹ̀, a sì san ìṣákọ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó ti ẹkùn Ọ̀yọ́ lọ dá oko kòkó ní ilẹ̀ Ifẹ̀ ti ṣe. A lè pe ìṣákọ́lẹ̀ ní ìrẹ́jẹ, kò sì sí irọ́ pátápátá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbà á lè jẹ́ àgbẹ̀ tí aṣọ rẹ̀ kò dára ju ti ẹni tí ń san án lọ.

Nítorí pé ìdílé ni ó ni ilẹ̀, tí ìdílé sì jẹ́ ti ìlú, ẹni tí ó sábà ń bá àgbẹ̀ du ilẹ̀ kì í ṣe olówó. Ará ìlú kejì ni, tí òun náà gbé ọkọ́ lé èjìká. Ìjà ààlà láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà láàárín wọn àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gbóná débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní kí àgbẹ̀ Ìlobùú àti àgbẹ̀ Ifọ́n jọ dìde sí onílẹ̀ yóò kọ́kọ́ dáhùn ohun tí yóò ṣe sí ààlà náà. SWAFP kò ní ìdáhùn. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Advance, kò tilẹ̀ lè gbé ìbéèrè náà dé etí àgbẹ̀, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìròhìn Yorùbá ti wà lórí àtẹ láti 1945. Ẹgbẹ́ Action Group, tí kò pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ti fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 wọ ilé àgbẹ̀ kí SWAFP tó dé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí rò pé àgbẹ̀ Yorùbá kò mọ ìwọ̀sí. Ní 1965 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé owó kòkó sókè kí ìbò tó dé, wọ́n sì gé e sí nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí owó orí àti ìwà àwọn agbowó-orí tún di ẹrù, Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1968. Ní 1969 wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, ní òpin ọ̀nà kan náà tí ó gba Ìlobùú kọjá. Ọdún yẹn náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀, tí owó orí sì di £2. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ti ọdẹ, pẹ̀lú ìbúra àti oògùn, ni ó mú wọn dìde, kì í ṣe ìwé Lenin. Onílẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọjú ìjà sí. Ìjọba tí ń gbowó lọ́wọ́ wọn ni. SWAFP ì bá kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba Ironsi ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ní oṣù Karùn-ún 1966.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí ọ̀nà òṣèlú ní 1978, àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ gbé Socialist Working People's Party dìde. FEDECO béèrè pé kí ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ 13, ó kéré tán, nínú 19. Ẹgbẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, SWPP kò sì sí nínú wọn. Goodluck kò lè padà sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́, nítorí ìjọba ti dè é lọ́nà ní 1977. Ọ̀tẹ́gbẹ́yẹ wọ UPN. Lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ náà ni ó fi wọlé sí ilé aṣòfin àgbà ní 1983, àwọn ológun sì tú ilé náà ká kí ọdún tó jálẹ̀.