Tírè, ọlọ́rọ̀ etí òkun tí kò ní oko

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì déédéé yóò ti bá Tírè pàdé lọ́pọ̀ ìgbà: nínú ìtàn Sólómọ́nì, nínú ìkìlọ̀ wòlíì Ìsíkíẹ́lì, nínú ìwàásù Jésù, nínú ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìlú náà ti parẹ́. Kò parẹ́. Ó wà ní gúúsù Lẹ́bánónì, ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí Bèírútì. Sour ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń tajà, àwókù ìlú àtijọ́ sì wà láàárín ilé wọn.

Láyé àtijọ́, erékùṣù ni. Àpáta kékeré ni láàárín omi, kò tó kìlómítà kan sí etí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni èbúté àti ààfin wà, ibẹ̀ náà ni ilé Melqart, òrìṣà ìlú. Ọ̀tá kì í tètè débẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń dáko lórí àpáta? Omi mímu, igi ìdáná, àní ilẹ̀ tí wọ́n ń sin òkú sí pàápàá, Úṣù, ìlú tó wà lórí ilẹ̀ ní òdìkejì, ni wọ́n ti ń rí i. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ṣáájú ìbí Jésù, ọba Tírè kan tó ń jẹ́ Abi-Milku kọ lẹ́tà sórí wàláà amọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Fáráò ní Íjíbítì. Ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀: Sídónì, ìlú tó múlé gbè é, ti gba Úṣù, kò sómi, kò sígi, kò sì síbi tí òun yóò sin òkú sí. Wọ́n hú àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní Amarna ní Íjíbítì, wọ́n ṣì ṣeé kà dòní.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ni kí á dì mú. Òun ló ń ṣí ìdí ọ̀pọ̀ ohun tí Bíbélì sọ nípa Tírè.

Ẹ wo ti Sólómọ́nì. Ó fẹ́ kọ́ Tẹ́ńpìlì, kò sì nígi tó yẹ. Orí òkè Lẹ́bánónì ni kédárì wà, àwọn èèyàn Hírámù ọba Tírè ló sì mọ̀ ọ́n gé. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 5 ro àdéhùn wọn fínnífínní: Hírámù yóò gé igi, wọn yóò dì í pọ̀, wọn yóò sì jẹ́ kó léfòó lórí òkun títí dé ibi tí Sólómọ́nì bá fẹ́, Sólómọ́nì ní tirẹ̀ yóò bọ́ agbo ilé Hírámù pẹ̀lú 20,000 òṣùwọ̀n kórì àlìkámà lọ́dọọdún, àti òróró olífì. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti pe èyí ní ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ ni, nítorí Hírámù ti bá Dáfídì ṣe é bọ̀, àmọ́ òwò ló wà nídìí rẹ̀: igi ń lọ, oúnjẹ ń bọ̀.

Lẹ́yìn ogún ọdún iṣẹ́ ilé, Sólómọ́nì fún Hírámù ní ìlú 20 ní ilẹ̀ Gálílì. Hírámù lọ wò wọ́n, wọn kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ó bi Sólómọ́nì léèrè pé irú ìlú wo nìwọ̀nyí, ó sì sọ ilẹ̀ náà ní Kábúlù, orúkọ tí kò gbóríyìn fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ kò tìtorí ìyẹn fi òwò sílẹ̀: àwọn atukọ̀ rẹ̀ bá ọkọ̀ Sólómọ́nì lọ kó wúrà ní Ófírì. (Ìwé Kíróníkà Kejì orí 8 yí ọ̀rọ̀ náà padà: ó ní Hírámù ló fún Sólómọ́nì ní ìlú. Ó jọ pé kò wu ẹni tó kọ ọ́ kí ọba Ísírẹ́lì máa fi ilẹ̀ san gbèsè.) Nígbà tí àwọn Júù padà dé láti ìgbèkùn Bábílónì, tí wọ́n fẹ́ kọ́ Tẹ́ńpìlì kejì, àdéhùn kan náà ni wọ́n tún lọ ṣe. Ẹ́sírà orí 3 ní oúnjẹ, ohun mímu àti òróró ni wọ́n kó fún àwọn ará Sídónì àti Tírè, kí igi kédárì lè gba ojú òkun dé Jópà.

Láàárín ìgbà méjèèjì, Tírè di ọlọ́rọ̀ gidi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló tẹ ìlú Kátéèjì dó ní Àríwá Áfíríkà. Ọdún 814 ṣáájú ìbí Jésù ni ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ fi í sí. Aró elésè àlùkò tí àwọn ọba ń wọ̀, lára ìgbín òkun ni wọ́n ti ń fà á yọ, kì í sì í ya púpọ̀: lọ́dún 1909, onímọ̀ kẹ́mísírì Paul Friedländer lo ìgbín 12,000 kó tó rí gíráàmù 1.4. Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì, sọ pé àwọn ilé aláró pọ̀ ní Tírè débi pé ìlú náà kò rọrùn láti gbé. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ẹran òkun tó jẹrà yóò mọ ìdí.

Ọrọ̀ yìí ni Ìsíkíẹ́lì bá wí. Orí 26 ní wọn yóò họ Tírè di àpáta lásán, wọn yóò máa sá àwọ̀n sórí rẹ̀, wọn yóò sì da òkúta àti igi rẹ̀ sínú omi. Nebukadinésárì ọba Bábílónì dó tì í fún ọdún 13, gẹ́gẹ́ bí Josephus, òpìtàn Júù, ṣe kọ ọ́. Ó jọ pé ìlú náà túúbá níkẹyìn, àmọ́ kò sí ìkógun gidi. Ìsíkíẹ́lì fúnra rẹ̀ kò fi èyí pa mọ́: ní orí 29, ẹsẹ 18, ó ní orí àwọn ọmọ ogun pá, èjìká wọn bó, wọn kò sì rí owó ọ̀yà kankan gbà ní Tírè. Àwọn tó ń fi orí 26 wàásù kì í sábà kà débẹ̀.

Alẹkisáńdà Ńlá ló fọ́ ọ, lọ́dún 332 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn ará Tírè kọ̀ fún un láti wọ ìlú lọ rúbọ sí Melqart, ló bá wó ìlú tó wà lórí ilẹ̀, ó fi òkúta rẹ̀ àti igi dí òkun, ó ṣe ọ̀nà gba orí omi. Oṣù méje ló gbà á. Arrian, òpìtàn Gíríìkì, kọ ọ́ pé èèyàn bíi 30,000 ni wọ́n tà lẹ́rú. Ìwádìí tí Nick Marriner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé ìgbì òkun ti ń kó yanrìn jọ sẹ́yìn erékùṣù náà tipẹ́, tí omi ibẹ̀ kò fi jìn mọ́. Yanrìn sì tún ń gorí ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀, títí Tírè fi so mọ́ ilẹ̀ pátápátá.

Síbẹ̀ àtijẹ kò yí padà. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12 ní ọba Hẹ́rọ́dù bínú sí Tírè àti Sídónì, wọ́n sì sáré wá bẹ̀ ẹ́, torí ilẹ̀ ọba náà ló ń bọ́ wọn. Ibí yìí ni Gerd Theissen, onímọ̀ Májẹ̀mú Tuntun ọmọ Jámánì, ti wo Máàkù orí 7, níbi tí obìnrin ará Fòníṣíà kan ti wá bẹ Jésù ní agbègbè Tírè nítorí ọmọ rẹ̀, tí Jésù sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ọmọ àti ajá. Theissen ní àwọn àgbẹ̀ Gálílì ló ń gbin ọkà, owó àwọn ará Tírè ló ń rà á lọ, ebi a sì máa pa ẹni tó gbìn ín. Lójú tèmi, kò sí àlàyé míì tó mú ìdáhùn líle yẹn yéni tó bẹ́ẹ̀.

Owó wọn náà wọ Tẹ́ńpìlì. Nítorí pé fàdákà ṣékélì Tírè dára, òun ni wọ́n ń gbà fún owó orí Tẹ́ńpìlì ní Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ ojú Melqart ló wà lára rẹ̀.

Lọ́dún 1984, UNESCO fi àwókù Tírè sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah, bọ́ǹbù Ísírẹ́lì bọ́ sí ìlú náà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, UNESCO fún ibi 34 ní Lẹ́bánónì ní ààbò àkànṣe, Tírè sì wà lára wọn. Lábẹ́ òfin àgbáyé, a lè pe ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọlu irú ibi bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́.