Ohun tí Rédíò Gbìn, Rédíò Ló Kórè Rẹ̀

Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, àti iṣẹ́ tí rédíò ṣe fún wọn. Orúkọ wọn ni Allman Brothers Band.

Ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, òfin ya aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀. Ilé ìwé wọn yàtọ̀. Ìjókòó wọn nínú ọkọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè mọ odi sójú afẹ́fẹ́? Ní ìlú Nashville, ilé iṣẹ́ rédíò kan wà tí ń jẹ́ WLAC. Lóru, ó máa ń gbé orin àwọn aláwọ̀ dúdú jáde. Agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Duane Allman àti àbúrò rẹ̀, Gregg, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ funfun, wà lára àwọn ọmọ tí ń gbọ́ ọ. Orin náà wọ̀ wọ́n lára.

Ní 1969, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Jacksonville, wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí ìlú Macon. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n ní onígìtá méjì tí ń dá ohùn pọ̀, àti onílù méjì. Ọ̀kan nínú àwọn onílù náà, Jaimoe, aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà náà, kì í ṣe ohun kékeré.

Ìṣòro kan wà. Orin wọn gùn. Nínú àwo wọn ti 1971, orin kan gba ìṣẹ́jú 23, ó kún ojú àwo kan. Orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò sì ń fẹ́.

Kí ni ó ṣí ọ̀nà? Ọ̀nà méjì ni ohùn rédíò ń gbà. AM ń lọ jìnnà, pàápàá lóru. FM kì í lọ jìnnà tó o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn FM kàn ń tún ètò AM ṣe ni. Ní nǹkan bí 1967, ìjọba pàṣẹ pé ní àwọn ìlú ńlá, kí FM máa ṣe ètò tirẹ̀. Wọ́n wá ń wá orin tuntun, wọ́n sì ní àyè fún orin gígùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ikú pa Duane ní 1971. Ọmọ ọdún 24 ni, alùpùpù ló fi ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò túká. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1973, wọ́n ṣeré ní San Francisco, rédíò sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti gúúsù, bíi Lynyrd Skynyrd, rí ọ̀nà gbà. Ní 1975, ẹgbẹ́ náà ṣeré láti kó owó jọ fún Jimmy Carter, ẹni tí ó wọlé ìbò ààrẹ ní 1976. Wọ́n ṣeré ìkẹyìn ní 2014.

Ẹ rántí: ẹni tí ń gbọ́ rédíò lónìí lè di ẹni tí a ó máa gbọ́ lọ́la.

Ẹ jíròrò nínú ẹgbẹ́ yín:
1. Báwo ni orin aláwọ̀ dúdú ṣe dé etí Duane àti Gregg?
2. Kí ni àṣẹ ìjọba yí padà nínú iṣẹ́ FM?
3. Orin àgbà wo ní abúlé yín ni ó yẹ kí rédíò gbé jáde?