Kí Ni Ọkọ̀ Yín Ń Mí? Ọ̀rọ̀ Lórí Páìpù Afẹ́fẹ́ Tútù Fún Ọkọ̀ Akẹ́rù

 

Ọ̀rọ̀ páìpù kan la gbé wá fún yín lóṣù yìí. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ a máa wí pé kí ọlọ́kọ̀ yọ ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ rẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ wá, kó fi páìpù gbọọrọ kan àti asẹ́ tuntun tó rí ṣóńṣó rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ á lágbára, á máa sáré gun òkè, epo tó ń jẹ á sì dínkù. "Cold air intake" ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní páìpù afẹ́fẹ́ tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dẹ́rẹ́bà nìkan. Ó kan àgbẹ̀ oníkòkó, ó kan ìyá tó ń kó ata àti ọsàn lọ sọ́jà. Ìgbàrà-Òkè wa yìí, ojú ọ̀nà Iléṣà sí Akúrẹ́ ló wà, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó ló sì ń gba iwájú ilé wa kọjá. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ata á rà, tòmátì á rà, ẹni tó fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ náà kò sì ní rí nǹkan san.

Òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn tó ń ta páìpù yìí ń sọ, àbùmọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí: afẹ́fẹ́ tó mọ́ ló ṣáájú fún ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ tó tutù ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fi èyí àkọ́kọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ èkejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló tà lọ́pọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn

Ọ̀pọ̀ wa mọ iye epo tí ọkọ̀ ń mu, ṣùgbọ́n ta ló ti ka iye afẹ́fẹ́ tó ń mu? Kí epo dísù kílò 1 tó lè jóná tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba afẹ́fẹ́ kílò 14 àtààbọ̀. Bí a bá fi lítà kà á, lítà epo dísù 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 10,000. Dúrọ́ọ̀mù epo tí gbogbo wa mọ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 200. Ìyẹn ni pé fún lítà epo kan péré, ọkọ̀ yín ń fa àádọ́ta dúrọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ sínú, ó kéré tán.

Ẹ wo Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tó lítà 5.7. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń fà ní ìṣẹ́jú náà súnmọ́ lítà 5,000. Dúrọ́ọ̀mù márùndínlọ́gbọ̀n nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ì báà ṣe ooru, ì báà ṣe eruku, ẹ́ńjìnnì ni yóò gbé e mì.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ tútù fi dára

Ẹ̀yin ìyá alágààrí, ẹ ó tètè yé èyí. Kọ́ńgò kan náà ni, ṣùgbọ́n gààrí tí a rọra dà sí i àti gààrí tí a fi ọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè tó ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ rí. Bí ó bá gbóná, á fẹ̀, díẹ̀ ni yóò sì wọ inú sílíńdà. Bí ó bá tutù, á sún mọ́ra, púpọ̀ ni yóò wọlé. Bí ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 65, ọkọ̀ tó ń fa ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ń pàdánù nǹkan bíi ìdá 9 nínú 100. Nígbà tó bá wá di pé ó gbé ẹrù tó wúwo gun òkè, epo kò ní jóná tán, èéfín dúdú á sì máa tú jáde ní sàlẹ́ńsà. Epo tí ẹ fi owó rà ló ń di èéfín yẹn.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, pọ́ǹpù ló ń wọn iye epo tó ń wọlé. Bí ẹ bá fi afẹ́fẹ́ kún un tí pọ́ǹpù kò fi epo kún un, agbára kò ní pọ̀ sí i lọ títí. Epo tó wà níbẹ̀ kàn máa jó dáadáa ni, èéfín á sì dínkù. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ẹ tún wo ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dáadáa. Ṣé ẹ rí páìpù tó nàró lẹ́yìn ilé dẹ́rẹ́bà, tó ga tó òrùlé? Ẹnu tí ọkọ̀ fi ń mí nìyẹn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé afẹ́fẹ́ òkè tutù ju ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, pé eruku rẹ̀ sì kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó bá ti ní èyí, afẹ́fẹ́ tútù ló ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kí lẹ tún fẹ́ fi owó rà?

Àwọn ọkọ̀ tó ní tọ́bò ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú iṣẹ́ yìí ní 1905. Tọ́bò máa ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó ti ń kì í ló ń mú un gbóná, ó sì lè kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ní ohun bíi ràdíétọ̀ kejì níwájú, tó ń mú afẹ́fẹ́ náà tutù kó tó wọlé. Bí eruku àti girísì bá di ojú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ àti omi kò wọ́n tó páìpù tuntun.

Amẹ́ríkà ni òwò páìpù yìí ti gbilẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wa pikọ́ọ̀pù lórí títì tó dán. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ California kò gbà kí ènìyàn kàn gbé èyíkéyìí sọ́kọ̀ tó ń ná títì. Àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fún irú páìpù náà ní nọ́ńbà àṣẹ. Bí ilẹ̀ ọlọ́dà bá ń ṣọ́ra tó báyìí, kí ló yẹ kí àwa tí à ń wọ oko ṣe?

Àkókò kòkó ni àkókò ọyẹ́

Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejì ni kòkó ń pọ̀ jù ní agbègbè wa, láti Oǹdó dé Ìdànrè, títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìgbà náà gan-an ni ọyẹ́ ń dé. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ní ilẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ kan tó ti gbẹ. Ẹ wá fi eruku pupa ọ̀nà oko kún un. Ìgbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dún ni ìgbà tí eruku pọ̀ jù lọ́dún.

Yanrìn wà nínú eruku yìí, ó kúnná ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó sì le ju irin sílíńdà lọ. Bí ó bá ráyè wọlé, á pò mọ́ ọ́ìlì, á dà bí ìyẹ̀fun tí a fi ń lọ ọ̀bẹ, á sì máa jẹ ríìngì àti ara sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Kì í pariwo. Ẹ ó kàn rí i pé ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì, pé èéfín aláwọ̀ búlúù ń jáde, pé kò tètè dáná láàárọ̀, pé agbára rẹ̀ ti lọ. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ fojú tín-ín-rín asẹ́ àtijọ́. Láyé bọ́lẹkájà, Bedford ló pọ̀. Nígbà tó yá, 911 gbalẹ̀, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn ló ní asẹ́ tó ní ọ́ìlì nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ á já lu ọ́ìlì, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á gòkè lọ. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù, tó fi asẹ́ ṣóńṣó ayédèrú rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀kùn ló ṣí fún olè.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣe é báyìí

A kò ní kí ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ti gé ẹnu páìpù rẹ̀, tó wá ń fa ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí a tún irú rẹ̀ ṣe. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé:

1. Kó fi asẹ́ àti ilé rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣì dára. Ẹnu páìpù tó ń lọ síbẹ̀ nìkan ni kó gbé lọ síbi tó tutù.

2. Kí ẹnu páìpù wà lókè, lẹ́yìn ilé dẹ́rẹ́bà, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kó sì ní ìdérí tí òjò kò ní gbà wọlé. Ẹ má fi sí ìsàlẹ̀ níwájú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ àbàtà tó fa omi sínú, omi kì í ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ó lè ká irin ẹ́ńjìnnì kò.

3. Kí páìpù tuntun má tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ. Bí wẹ́dà bá jó o pọ̀, kó ha inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí ẹ̀rún irin tó bá já sínú ẹ́ńjìnnì á bà á jẹ́.

4. Kí rọ́bà tó so páìpù pọ̀ nípọn, kó má baà pa pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà. Kí ó ní kílíìpù lójú méjèèjì. Ibi tó ṣe pàtàkì jù ni láti asẹ́ dé ẹ́ńjìnnì. Ihò kékeré níbẹ̀, eruku tí a kò sẹ́ ló ń gbà wọlé.

5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú rọ́bà náà, kí ẹ fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó ti asẹ́ wá. Bí aṣọ bá pupa, eruku ń wọlé. Ẹ má wà á lọ sí Èkó bẹ́ẹ̀ o!

Ìtọ́jú asẹ́ ńkọ́? Èyí tó jẹ́ bébà, ẹ má jẹ́ kí mọ́tò-bọ́ì máa gbá a mọ́ táyà, á ya. Atẹ́gùn tí kò le ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, láti inú bọ̀ síta. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ jù ú nù. Èyí tó ní ọ́ìlì, kẹrosíìnì tàbí dísù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù, iná ń bẹ nínú ẹ̀. Ẹ má sì da ọ́ìlì kọjá àmì, torí ẹ́ńjìnnì lè fà á mu, kó máa sáré fúnra rẹ̀ kódà bí ẹ ti pa á. Fún àwọn pikọ́ọ̀pù tuntun tó ní sẹ́ńsọ̀ lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, asẹ́ tí wọ́n fi ọ́ìlì rẹ jù lè ba sẹ́ńsọ̀ náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kan àpò ẹgbẹ́

Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ kò dá nìkan yá a. Àwọn onídùúró wà lẹ́yìn rẹ̀, owó gbogbo wa ló sì wà nínú àpò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní àárín àkókò kòkó, onídùúró ni ẹgbẹ́ yóò wá bá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó nítorí páìpù afẹ́fẹ́ tútù, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé asẹ́ tí mo ní mọ́? Ṣé rọ́bà rẹ̀ kò ya? Ṣé ẹnu páìpù mi kò ti wà níta tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi owó náà ra asẹ́ ojúlówó méjì pamọ́ de ọyẹ́, kó sì fi ìyókù ṣòwò.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ kò ní ọkọ̀, ẹ̀yin náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó di ẹrù yín sọ́kọ̀, ẹ wo èéfín rẹ̀. Èyí tó ń rú dúdú tàbí búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bi dẹ́rẹ́bà ìgbà tó wo asẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kì í ṣe àfojúdi, ọjà yín lẹ ń ṣọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti tú asẹ́ yín wò. Ó dìgbà kan ná.