Ojúṣe Olùkọ́ Eré Ìdárayá lórí Ààbò àti Ìlera Eléré ní Pápá

Ìfáàrà

Ní àwọn ìlú Ìbàràpá bí Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀, sáà kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń ṣe ìdíje eré ilé-sí-ilé. Bí ọmọ bá ṣubú ní pápá, olùkọ́ tó mú fèrè dání ló sún mọ́ ọn jù, kì í ṣe dókítà. Ọwọ́ olùkọ́ náà ni ẹ̀mí ọmọ kọ́kọ́ wà.

Ẹ̀kọ́ Inú Ìṣẹ̀lẹ̀ Méjì

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji, ẹni ọdún 25, ṣubú ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Èkó, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà figagbága. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2021, Christian Eriksen ṣubú ní Copenhagen. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí, ó yè. Ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ni ní àyẹ̀wò ṣáájú eré, èkejì kọ́ni ní ìmúrasílẹ̀.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Èkíní, kí olùkọ́ mọ ọmọ tó ní ikọ́ sémìísémìí tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti èyí tó ti dákú rí lẹ́nu eré sísá. Kí irú wọn kọ́kọ́ rí dókítà.

Èkejì, kí eré ọlọ́nà jíjìn wáyé ní òwúrọ̀, kí omi mímu sì wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta, bí ooru bá mú ọmọ débi tó ń sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n gbé e sí ibòòji, kí wọ́n da omi tútù sí i lára, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, bí wọ́n ti ń wá ọkọ̀. Yìnyín tí a fi ń mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tutù wúlò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí ẹnu ẹni tó dákú.

Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí olùkọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, láìdáwọ́dúró, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera ní agbègbè Ìbàràpá. Ìmọ̀ kò jìnnà sí olùkọ́ tó bá fẹ́ ẹ. Kí fèrè tó dún, kí ìmúrasílẹ̀ ti parí.